"Ta Lẹ Ń Wá?" Kì Í Ṣe Ìkíni fún Oníbàárà

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo mú àbúrò bàbá mi lọ jẹun ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà kan tó wà ládùúgbò wa, láàárín Ọ̀gbà àti Agége. Bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ẹni àádọ́rin ọdún ni. Ó lé ní ogún ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí ará Hong Kong dá sílẹ̀ ní agbègbè Ọba Àkran. Ara iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà ni kí ó máa lọ gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún ọ̀gá rẹ̀. Ó mọ òórùn oúnjẹ wọn, ó mọ bí ó ti ń gbóná nínú ọ̀rá, ṣùgbọ́n kò jókòó jẹ ẹ́ níbẹ̀ rí. Nígbà tí mo bi í pé kí ni ó fẹ́ fún ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó ní òun fẹ́ jókòó sórí àga, kí wọ́n gbé e wá bá òun.

Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì kò kí wa káàbọ̀. Ó wò wá láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ta lẹ ń wá?" Mo ní oúnjẹ la wá jẹ. Ó ní kí n ṣí búùtù ọkọ̀ mi. Bí mo ti ń ṣí i lọ́wọ́ ni ọkọ̀ mìíràn dé, tí àwọn ará Ṣáínà mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan náà sáré ṣí géètì fún wọn, ó sì tẹrí ba. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni ẹ̀ṣọ́ náà.

Nínú ilé, tábìlì mẹ́rin ló ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n ní àwọn kan ti gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì mú wa lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ̀. Títí a fi kúrò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wá jókòó sí méjì nínú àwọn tábìlì náà. Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ oúnjẹ sí, èyí tí wọ́n fún wa, ti gbó, wọ́n sì ti fi téèpù bo iye owó inú rẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ iye tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ti àwọn tábìlì tó kù ń dán, èdè Ṣáínà ni wọ́n fi kọ ọ́, iye owó sì wà níbẹ̀ gbangba. Nígbà tí a yan oúnjẹ tán, ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ rọra sọ fún mi pé a ní láti kọ́kọ́ sanwó. Mo wo ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta tó dé lẹ́yìn wa. Wọ́n ti ń jẹun. Ẹnikẹ́ni kò tíì bá wọn sọ̀rọ̀ owó.

Mo sanwó náà, nítorí pé ọjọ́ Bàbá ni, n kò sì fẹ́ bà á jẹ́. Nígbà tí a ń padà lọ sílé, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Nígbà tí mo ń wá gbé oúnjẹ ọ̀gá, wọ́n máa ń kí mi káàbọ̀. Lónìí tí mo wá jẹ tèmi, wọ́n ní ta ni mò ń wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. N kò ní dárúkọ ilé oúnjẹ ọ̀hún, nítorí pé àṣà ni mo ń bá jà, kì í ṣe ilé kan. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì lọ́jú pọ̀. Ilé oúnjẹ tó bá ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ fún ará ìlú gbọ́dọ̀ fi ojú kan náà wo gbogbo ẹni tó bá wọlé. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹni tó ni ín nìkan. Ó kan àwa tí à ń bá a ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì kan àwa tí à ń sanwó láì bèèrè ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́: n kò kórìíra ará Ṣáínà. Wọn kì í ṣe àlejò àná ládùúgbò wa. Láti ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ni wọ́n ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, àwọn oníṣòwò láti Hong Kong sì wà lára àwọn tó wá dá iṣẹ́ sílẹ̀. Títí di òní, òpópónà kan wà ní Ọ̀gbà tó ń jẹ́ WEMPCO, orúkọ ilé iṣẹ́ tí ìdílé kan láti Ṣáínà dá sílẹ̀. Nígbà tí Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá sì di ilé ìkẹ́rùsí àti ilé ìjọsìn, àwọn ará Ṣáínà wà lára àwọn tí kò kó ẹrù wọn lọ. Ẹni tó bá dúró tini nígbà tí ọjà kò tà, ó yẹ kí a yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa kò ní àwáwí mọ́ pé òun kò mọ bí a ṣe ń kí àgbàlagbà káàbọ̀.

Irú ìwà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní 1947, Ilé Ìtura Bristol ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings sí yàrá tí wọ́n ti yà sílẹ̀ fún un, nígbà tí wọ́n rí i pé aláwọ̀ dúdú ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ọkùnrin yìí, ọmọ Sàró sì ni bàbá rẹ̀. Àwọn ará Èkó kò sọ pé ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ àti ibùsùn lásán ni. Wọ́n tú jáde, àwọn ìwé ìròyìn pariwo, ìjọba amúnisìn fúnra rẹ̀ sì ní láti kéde pé irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wáyé mọ́. A kò tíì gba òmìnira nígbà náà o! Ó wá ku ọdún mẹ́tàlá gbáko. Ṣé ohun tí àwọn bàbá wa kọ̀ lábẹ́ òyìnbó ni àwa yóò wá gbà lábẹ́ àsíá ara wa?

Ẹ wo ibòmíràn nílẹ̀ Áfíríkà. Ní oṣù kẹta 2015, ìròyìn jáde pé ilé oúnjẹ ará Ṣáínà kan ní ìlú Nàìróbì, ní Kẹ́ńyà, kì í gba aláwọ̀ dúdú wọlé lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní nítorí ààbò ni. Àwọn ará Kẹ́ńyà fárígá, ìjọba sì tì í pa. Nínú ilé tiwa, ní oṣù kẹrin 2024, fídíò kan fi hàn pé wọn kò jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà wọ ọjà ìgbàlódé kan tó jẹ́ ti ará Ṣáínà ní Àbújá. Àjọ FCCPC, tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà, wọ́n sì fi àgádágodo sí i. Bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́rin péré ṣáájú èyí ni gbogbo wa ń bínú nítorí pé wọ́n lé àwọn ọmọ Áfíríkà jáde kúrò nílé àti hòtẹ́ẹ̀lì ní Guangzhou, lásìkò àrùn Kòrónà. Ohun tí a bínú sí ní òkèèrè kò gbọdọ̀ di àmúmọ́ra ní Ọ̀gbà.

Mo mọ àwáwí tí wọn yóò ṣe. Àkọ́kọ́, wọn yóò ní àwọn kan ti jẹun rí tí wọ́n sì sá lọ. Òótọ́ ni. Ọmọbìnrin tó gba owó lọ́wọ́ mi sọ pé ìgbà tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti yọ ọ́. Ó ṣe mí láàánú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù olè bá ń bà ọ́, gba owó ṣáájú lọ́wọ́ gbogbo tábìlì. Òfin tó bá mú ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú tó sì fi ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ pupa sílẹ̀ kì í ṣe òfin lòdì sí olè mọ́. Ó ti pe ẹ̀yà kan ní olè kí wọ́n tó gbé ṣíbí.

Ìkejì, wọn yóò ní tiwọn ni ilé náà, ẹni tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè gbà. Bí ó bá jẹ́ yàrá ìjẹun inú ilé iṣẹ́ wọn ni, n kò ní lanu. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé pátákó síta, tó sì ń gba náírà lọ́wọ́ wa, ti jáde kúrò nínú ilé rẹ̀ sí àárín ọjà. Ọjà sì ní òfin. Òfin tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, ti 2018, sọ ọ́ ní abala 114 pé ohun tí a bá kọ fún oníbàárà gbọ́dọ̀ wà ní èdè tó lè yé e. Abala 115 ní kí olùtajà fi iye owó ọjà rẹ̀ hàn, kò sì gbọdọ̀ gbà ju iye tó fi hàn lọ. Ìwé oúnjẹ tí wọ́n fi téèpù bo owó inú rẹ̀ ti kọ ẹ̀yìn sí òfin yìí kí a tiẹ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀.

Ní báyìí, mo fẹ́ bá àwọn tiwa sọ̀rọ̀, nítorí pé bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ọ̀gá ilé oúnjẹ yẹn wà ní ìdí káńtà ní gbogbo ìgbà tí a fi wà níbẹ̀. Kò gbójú sókè wò wá. Ọmọ wa ló bi wá pé ta la ń wá, ọmọ wa ló mú wa lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ̀, ọmọ wa ló gba owó ṣáájú. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ wọ́n, mo sì mọ̀ pé ẹni tí ebi ń pa kì í bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn. Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀gá ló ní kí ẹ̀ṣọ́ wo arúgbó láti òkè délẹ̀? Kò sí iye owó oṣù tó ní kí a gbàgbé "ẹ kú àbọ̀, bàbá".

Ẹ lọ wo ìyá olóúnjẹ tó wà ní ìdí ọ̀nà ilé iṣẹ́ ní ọ̀sán. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù wà lórí ìlà, ọ̀dọ́mọkùnrin oníkọ̀ǹpútà wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ará Ṣáínà bá sì wá, yóò tẹ̀lé wọn. Gbogbo wọn ló mọ iye tí ṣíbí ìrẹsì kan jẹ́, gbogbo wọn ni ìyá ń pè ní "ọkọ mi". Kò kàwé òfin kankan, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tó wá jẹun ti di àlejò òun.

N kò sọ pé kí ìjọba máa ti ilé oúnjẹ pa káàkiri. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ebi yóò kọ́kọ́ pa. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí FCCPC àti LASCOPA, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, máa wọ ilé oúnjẹ wọ̀nyí bí oníbàárà lásán, láì wọ aṣọ iṣẹ́, kí wọ́n wo àga tí wọn yóò fún wọn. Kí àwa náà sì máa bèèrè fún ìwé oúnjẹ tí iye owó wà nínú rẹ̀, kí a gba rìsíìtì, kí a kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kí a sanwó ṣáájú, kí a béèrè bóyá gbogbo ènìyàn ló san. Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ni lọ́rùn, kí a dìde. Èmi kò dìde ní ọjọ́ yẹn, ó sì ń dùn mí.

Bàbá jẹ oúnjẹ náà díẹ̀, ó sì ní kí wọ́n di èyí tó kù. Nínú ọ̀rá ni ó tún gbé e jáde, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti ṣèlérí fún un pé a ó padà lọ. Nígbà tí a bá dé ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni a ó bèèrè fún, n kò sì ní dákẹ́ mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.