Ṣé Ìyàwó Ń Dáko Ni?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ó tó gẹ́ẹ́! Brush Script tí ẹ fi ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, Robert E. Smith ló yà á ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1942. Ó jọ ọwọ́ ẹni tó di búrọ́ọ̀ṣì mú, ó sì rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Kọ̀ǹpútà á yá wọn níbòmíì, káàdì á wá rí bí ẹ̀wù alábùlẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ kúkú yọ àmì dànù: "ọkọ ìyàwó" di "oko iyawo". Ìtumọ̀ mìíì ń bẹ níbẹ̀ tí n kò ní sọ o! Bó bá jẹ́ ìkọ̀wé ọwọ́ lẹ fẹ́, ẹ mú bírò jàre. Ọwọ́ yín mọ ibi tí àmì ń wà, ẹ̀rọ fọtokópì ò sì ní kọ̀ ọ́.