Ògún Mẹkáníìkì: Tarell Alvin McCraney àti Orúkọ Tí A Fún Ayé



Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Ìgbọ̀nà, nílùú Òṣogbo, mò ń dúró kí wọ́n tún bíréèkì ọkọ̀ wa ṣe. Eré kan ni mò ń kà lórí fóònù. Ọ̀gá mẹkáníìkì rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àbúrò, kí lò ń kà tó dùn tó báyìí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìtàn mẹkáníìkì kan ni. Ògún lorúkọ rẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni ì bá tún máa tún ọkọ̀ ṣe bí kì í bá ṣe Ògún?"

Orúkọ eré náà ni The Brothers Size. Ẹni tó kọ ọ́, Tarell Alvin McCraney, kì í ṣe ọmọ Òṣogbo, kì í sì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Ọdún 1980 ni wọ́n bí i ní ìlú Miami, ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni, kò sì fi í pamọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kàn wá ju bí a ti rò lọ, ìdí nìyí tí mo fi yàn án lọ́sẹ̀ yìí.

Nínú eré náà, Ògún ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, àbúrò rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé. Ẹlẹ́gbà, ọ̀rẹ́ tí àbúrò yìí ní lẹ́wọ̀n, yọjú, wàhálà sì bá a wọlé. Ẹni tó bá mọ àwọn òrìṣà wa yóò rí i pé òǹkọ̀wé náà mọ ohun tó ń ṣe: alágbẹ̀dẹ wà nídìí irin, ọdẹ kò lè jókòó sójú kan, onílé oríta sì dé pẹ̀lú ọ̀nà méjì lọ́wọ́. Àwọn òṣèré a tún máa fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n ń ṣe, bí apàlọ́ ṣe ń ṣe lábẹ́ òṣùpá.

Eré méjì mìíràn ló bá a rìn. Nínú ọ̀kan, Ọya jẹ́ ọmọbìnrin tó mọ eré sá. Ó gé etí ara rẹ̀ nítorí Ṣàngó. Àwa mọ̀ pé Ọbà ni ìtàn yẹn ń tẹ̀ lé nílé, odò Ọbà sì ń ṣàn wọ inú Ọ̀ṣun títí dòní. Ṣùgbọ́n ìtàn tó bá la òkun kọjá kò lè ṣàì pààrọ̀ aṣọ. Ọkọ̀ ẹrú ló gbé àwọn orúkọ wọ̀nyí lọ. Ní Kúbà, Ẹlẹ́gbà, Ògún àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì wà lára àwọn òrìṣà tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé fún ẹni tó bá ń wọ ẹ̀sìn náà. Àwọn ará Kúbà sì pọ̀ ní Miami. Nínú eré kẹta, Marcus, ọmọ Ẹlẹ́gbà, ń wádìí bóyá irú ìfẹ́ tí òun ń gbé lọ́kàn wà lára bàbá òun náà.

Ọ̀nà McCraney fúnra rẹ̀ kò tẹ́jú. Oògùn olóró mú ìyá rẹ̀ nígbèkùn, àrùn éèdì ló sì gba ẹ̀mí rẹ̀. Nínú ọ̀fọ̀ yẹn, ní ọdún 2003, ó kọ ìtàn ọmọkùnrin kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fìyà jẹ nítorí irú ẹni tó jẹ́. Ìwé náà wà nílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí ó tó dé ọwọ́ Barry Jenkins, tí òun náà dàgbà ní Liberty City, àdúgbò kan náà. Òun ló di fíìmù Moonlight, tó gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́ta ní 2017. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gba ti ìwé eré. Gẹ́gẹ́ bí olùdarí, ó gbé Antony and Cleopatra ti Shakespeare lọ sí Haiti àtijọ́ ní 2013. Láti 2023, òun ni olórí iṣẹ́ ọnà ní Geffen Playhouse, nílùú Los Angeles.

Mo rántí Dúró Ládiípọ̀. Ní 1961, ó gbé ìlù wa wọ inú orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì nílùú Òṣogbo yìí, àwọn kan sì fárígá. Kò ju ìlù nù. Ó wá ibòmíràn gbé e lọ. Ní 1962, Mbari Mbayo ṣílẹ̀kùn, ibẹ̀ sì ni Ọba Kò So ti jáde, tó gbé Ṣàngó dé Berlin ní 1964. Ọ̀rọ̀ ìlù kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé kò bá gbà a máa wá ilé mìíràn, bó bá sì padà dé, a ó máa pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni pé a kò lé e rí.

Bí ó bá jẹ́ pé Òṣogbo ni wọ́n bí McCraney sí, ṣé ì bá dàgbà débi tí yóò kọ Ògún sílẹ̀? Òfin ọdún 2014 wa fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin níyàwó. Kí òfin tó dé ibẹ̀, ẹnu ẹbí ti kọ́kọ́ dájọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé lè ní èrò yín. N kò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí mo bi yín kò ju ẹyọ kan lọ: bí ọmọ bá wí irú ẹni tó jẹ́, kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò ṣe?

Mo sọ irú ẹni tí òǹkọ̀wé náà jẹ́ fún ọ̀gá mẹkáníìkì. Ó dákẹ́, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó wá béèrè pé, "Ògún yẹn ńkọ́? Ṣé ó gba àbúrò rẹ̀ sílẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ọlọ́pàá ń bọ̀, ó jí i, ó kó ọkọ̀ àti owó lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa lọ.

Ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n gidi nìyẹn." Ó sì padà sídìí bíréèkì.