Ẹni Tí Wọ́n Tì Síta Kò Gbọdọ̀ Ti Ara Rẹ̀ Mọ́lé

 Láti Bọ́lọ́rundúró, láàárín Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, ni mo ti ń sọ̀rọ̀.

Ohun kan wà tí mo máa ń rí níhìn-ín tí ó ń dùn mí. Ọmọ awo ni, ìdè Ifá wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó wọ ọ́fíìsì tàbí ọgbà ilé-ìwé, yóò fa apá ẹ̀wù bò ó. Kò sí ẹni tí ó bú u lọ́jọ́ náà. Ìtìjú tí ó ti mọ́ ọn lára ni ó ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1947.

Ní oṣù Kejì ọdún náà, Ivor Cummings dé sí Èkó láti Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà ọmọ Sàró ni baba rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni nínú ọ́fíìsì tí ó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Wọ́n ti gba yàrá dè é ní Hòtẹ́ẹ̀lì Bristol. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí àwọ̀ ara rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ní gbà á. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún, síbẹ̀ àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wò.

Kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì nìkan ni ìyàsọ́tọ̀ yìí wà. Láti ọdún 1902 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ oníṣègùn ìjọba sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n sì ní ọmọ òyìnbó nìkan ni ó lè wọ̀ ọ́. Ilé-ìwòsàn àwọn òyìnbó yàtọ̀ sí tiwa, àdúgbò wọn ní Ìkòyí náà sì dá dúró.

Àwọn ará Èkó ìbá sọ pé àlejò ni Cummings, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kàn wọ́n. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, àwọn èèyàn sì fi ẹ̀hónú hàn, títí Gómìnà Arthur Richards fi pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin ní àwọn ibi tí gbogbo ènìyàn ń lò. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ṣáájú àkókò yẹn, ẹnì kan ti dá nìkan dúró. Ní ọdún 1894, pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi kan tí ń jẹ́ David Brown Vincent kọ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, ó di Mojọlá Agbẹ̀bí. Aṣọ ilẹ̀ wa ni ó ń wọ̀. Kì í ṣe abọ̀rìṣà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tí ó gbà kí wọ́n fi orúkọ baba òun ṣẹ̀sín ti gbà kí wọ́n fi òun náà ṣẹ̀sín.

Lónìí, àwọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń yà wá sọ́tọ̀, ẹ̀sìn ni. Bẹ́ẹ̀, Abala 42 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀sìn léèwọ̀. Abala 38 sì sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú akẹ́kọ̀ọ́ kópa nínú ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Òbí mélòó nínú wa ni ó ti gbé òfin yìí tọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìbẹ̀rù? Òfin kì í dìde fúnra rẹ̀. Ènìyàn ní í gbé e dìde.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ní àgbègbè koko tiwa yìí, àwa náà mọ bí a ṣe ń pe ẹni tí ó ti bá wa dáko fún ọgbọ̀n ọdún ní àjèjì. A kò lè máa bẹ̀bẹ̀ ẹ̀tọ́ níta, kí a máa fi du ẹlòmíràn nínú ilé. Ọmọlúàbí kì í ní òṣùwọ̀n méjì.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ awo, ká apá ẹ̀wù rẹ sókè. Má bú ẹnikẹ́ni, má sì sá fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti ẹnì kan síta nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, lọ dúró tì í. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìṣẹ̀ṣe lágbà. Àṣẹ.