Ẹ Jẹ́ Kí Ẹni Tó Ní Jẹjẹrẹ Bínú

Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí àwọn tó ní jẹjẹrẹ ń dá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gba ẹkún, wọ́n gba àdúrà, ìbínú nìkan ni kì í ríbi jókòó. Barbara Ehrenreich, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí jẹjẹrẹ ọmú mú, dán an wò. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú ń bí òun sí oró ìtọ́jú náà, sí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò àti sí rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ píǹkì, àmì jẹjẹrẹ ọmú, tí wọ́n fi ń ṣe fáàrí. Ìbáwí ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kó sáré lọ bá àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn. Ọdún 2001 ló ròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Harper's. N ò ní fi bò: àwọn tó bá a wí ló jẹ̀bi, inú rere yòówù kí wọ́n fi ṣe é.

Ní 2006, Morton Lieberman àti Benjamin Goldstein gbé ìwádìí kan jáde lórí ohun tí àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ń kọ sínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọn ò da ìbínú, ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ pọ̀ mọ́ra. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ìbínú pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ ni ìgbé ayé wọn sàn sí i, tí ìrẹ̀wẹ̀sì wọn sì dín. Àwọn tí ìbẹ̀rù gba ọ̀rọ̀ wọn kan, tiwọn burú sí i. Àwọn kan á ní ìwádìí kékeré ni, pé ó sì lè jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le díẹ̀ ló ń rí agbára bínú. N ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn tó ń páni lẹ́nu mọ́ ní lọ́wọ́? Ìgbàgbọ́ pé inú dídùn ló ń ṣẹ́gun jẹjẹrẹ. Wọ́n ti gbé ìyẹn náà sórí òṣùwọ̀n: ní 2007, James Coyne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ aláìsàn 1,093 wò, àwọn tí jẹjẹrẹ mú lórí àti lọ́rùn, bí inú wọn sì ṣe rí kò sọ bí ẹ̀mí wọn yóò ṣe gùn tó. Ẹni tó bá wá ń sọ fún obìnrin pé kó máa rẹ́rìn-ín kó lè yè, ẹrù ló dì lé e lórí: bí àrùn náà bá padà dé, ara rẹ̀ ni yóò máa dá lẹ́bi.

Ìyẹn ò ní kí ẹgbẹ́ má wúlò. Ní Kánádà, Pamela Goodwin ṣe ìwádìí lórí obìnrin 235 tí jẹjẹrẹ ọmú wọn ti tàn káàkiri ara. Àbájáde rẹ̀ ní 2001 ni pé ìpàdé tí wọ́n ti ń tú inú wọn síta kò fi ọjọ́ kún ọjọ́ wọn, àmọ́ ó dín ìnira ọkàn àti ìrora kù, pàápàá fún àwọn tí tiwọn ti pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó ń páni lẹ́nu mọ́ tún ní ọ̀rọ̀ gbígbóná yóò dẹ́rù ba ẹni tuntun. (Àwa Yorùbá kúkú mọ̀ ọ́n fèsì: “Má fẹnu ara rẹ sọ ọ́, a kọ̀ ọ́!”) Ẹni tí wọ́n bá dá lóhùn báyẹn, inú rẹ̀ ò rọ̀, ilé ló gbé e lọ, tó ń dá a jẹ. Ìbínú sí àrùn, sí dókítà tó fi àyẹ̀wò falẹ̀, sí owó oògùn, kì í ṣe èébú sí ọmọ ẹgbẹ́. Kí alámòójútó pa èébú rẹ́. Èyí tó kù, kó má fọwọ́ kàn án.