Èrè Tó Ń Ṣíwájú Owó

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Bìní tàbí ilẹ̀ Ìbò rí yóò mọ Ọ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ibẹ̀ làwọn awakọ̀ ti ń yà kí èrò lè jẹun, kí wọ́n sì na ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ àti Oǹdó bọ̀ ti pàdé márosẹ̀, ibẹ̀ náà lèèyàn ti ń yà sí Òkìtìpupa. Owó kíákíá ni owó Ọ̀rẹ̀. Mọ́tò dúró, ọlọ́jà sáré dé ojú fèrèsé, wọ́n ná an, wọ́n san án, mọ́tò ṣí. Ọlọ́jà tó bá pẹ́ kó tó wá ṣéńjì, oníbàárà rẹ̀ ti ń sún mọ́ Ọfọ̀sù lọ́nà Bìní.

Ṣùgbọ́n ẹ kúrò létí títì, ẹ wo ẹ̀yìn ilé, pàápàá lójú ọ̀nà Òdìgbò. Ẹ ó rí náílọ̀n dúdú tí wọ́n bu ilẹ̀dú kún, tí wọ́n tò gẹ́rẹ́gẹ́ sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Àgbẹ̀ ló ni òmíràn. Òmíràn sì wà tó jẹ́ ti tíṣà, ti télọ̀, ti ọlọ́kadà, àwọn tí ọwọ́ wọn ò mọ ọkọ́ tẹ́lẹ̀ rárá. Owó kòkó tó gbéra sọ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ìdí iṣẹ́ yìí. Èèyàn á sì fẹ́ bi wọ́n léèrè pé: kí lẹ máa rí níbẹ̀?

Èsì tèmi ni pé inú dídùn ni èrè tó dájú jù lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi irúgbìn gbin nǹkan. Mi ò sọ ọ́ bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Èrè gidi ni, ó yẹ kó wà nínú ìwé ìṣirò, ó sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ọrọ̀ ajé tí owó nìkan ò lè ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò owó náà. Èso kòkó kan tó gbó dáadáa máa ń ní hóró bí 30 sí 40 nínú. Bí a bá fi mítà mẹ́ta mẹ́ta sáàárín igi kan sí èkejì, hẹ́kítà kan yóò gba igi 1,111. Ìyẹn ni pé èso bíi 40, ẹrù àpò kan, tó láti gbin odindi hẹ́kítà, kódà bí àwọn kan ò bá tilẹ̀ hù. Ẹ wá lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta ọmọ kòkó 1,111 lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á. Kí ló fa ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó èso 40 àti owó ọmọ kòkó 1,111? Ilẹ̀dú tí wọ́n sẹ́ wà nínú rẹ̀, náílọ̀n wà nínú rẹ̀, omi tí wọ́n ń pọn nígbà ọyẹ́ wà nínú rẹ̀, àwọn tí ìrẹ̀ gé àti àwọn tí ìgbín jẹ náà wà nínú rẹ̀. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀ ni nǹkan bí oṣù márùn-ún tí ẹnì kan fi ń ṣọ́ wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Àkókò ni ọlọ́mọ kòkó ń tà. Ẹni tó bá gbìn ín fúnra rẹ̀ kò yọ owó àkókò yẹn kúrò, ara rẹ̀ ló ń san án fún. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tó ń sú u ni, ó wọ́n gan-an. Bó bá jẹ́ ohun tó ń mú inú rẹ̀ dùn, ó ti jèrè kó tó gbé igi kan dé oko.

Ohun tó sì ń mú inú dùn níbẹ̀ kò fara sin. Hóró kòkó kì í ṣe ohun tí à ń gbé sórí àjà bí àgbàdo títí òjò á fi dé. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ nínú èso, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí kò fi ní lè hù mọ́. Nítorí náà, náílọ̀n ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó la èso. Ẹ ó mú àwọn hóró tó wà láàárín, torí àwọn ló máa ń tóbi jù, ẹ ó sì fi eérú tàbí iyanrìn ra wọ́n kí nǹkan yíyọ̀ tó wà lára wọn lè kúrò, kí èèrà má baà wá a wá. Láàárín Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kìíní ni wọ́n ń ṣe é, kí igi lè tó gbé lọ sóko nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní Oṣù Karùn-ún tàbí Oṣù Kẹfà.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ojú ilẹ̀ inú náílọ̀n á là fẹ́ẹ́rẹ́. Ọrùn kan á yọ, ó máa kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà á nà ró. Hóró tí ẹ ti bò mọ́lẹ̀ lẹ ó tún rí lókè, tí ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà rù ú bí alágbàárù. Á pín sí méjì, ewé á sì jáde láàárín rẹ̀, ewé pupa rẹ́súrẹ́sú tó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, tó ń wo ilẹ̀. Ẹni tí kò rí i rí á sáré bu omi sí i, á rò pé ó ń kú lọ. Kò kú o, bí ewé kòkó ṣe ń ṣe ọmọdé nìyẹn. Bó bá pẹ́ díẹ̀, á le, á sì di àwọ̀ ewé gidi. Ẹ wo ọkùnrin tí kì í kí èèyàn láàárọ̀ bí kò bá tíì mu tíì: ẹ ó bá a lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń ka èyí tó hù. Ojoojúmọ́ ni owó iṣẹ́ yìí ń wọlé, báńkì kankan ò sì yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Owó náírà ńkọ́? Ìyẹn le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Oṣù Kẹta 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà New York. Nígbà tó di Oṣù Kejìlá ọdún náà, ó ti kọjá 12,000. Ohun tó fà á ni pé nǹkan ò lọ dáadáa ní Côte d'Ivoire àti Gánà, àwọn orílẹ̀-èdè méjì tí ju ìdajì kòkó àgbáyé ń tọ̀dọ̀ wọn wá: ojú ọjọ́ ò ṣe dáadáa sí wọn, àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú sì ń ba oko wọn jẹ́. Àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó rántí ọdún 2000, nígbà tí tọ́ọ̀nù kan ò tó 1,000 dọ́là, gbà pé Ọlọ́run ti dáhùn. Gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ kòkó kiri.

Àmọ́ kòkó kì í tẹ̀ lé ìkánjú ọjà. Irú tó yá máa ń lo bí ọdún méjì sí mẹ́ta kó tó so, kòkó àtijọ́ á lo bí ọdún márùn-ún. Kí 2025 tó parí, owó tó fò sókè yẹn ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì, àwọn igi tí wọ́n gbìn nítorí rẹ̀ kò sì tíì yọ òdòdó. Ẹni tó torí owó 2024 gbin kòkó, owó 2028 ni wọ́n máa san fún un, kò sì sí ẹni tó mọ iye tí yóò jẹ́. Gbogbo àwọn tó jọ gbìn pa pọ̀ á tún jọ gbé tiwọn wá sọ́jà pa pọ̀.

Ibí ni inú dídùn ti ń wúlò fún àpò. Ọdún tí owó kòkó bá já, àgbẹ̀ tó jẹ́ pé owó nìkan ló gbé e dé oko á jẹ́ kí igbó bò ó, òmíràn á tilẹ̀ gé igi rẹ̀ ta. Bí owó bá padà gòkè, kò ní nǹkan lọ́wọ́ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn igi rẹ̀, tó mọ èyí tó kọ́kọ́ hù àti èyí tí ìrẹ̀ fẹ́ẹ̀ gé, ni yóò ṣì máa ro ó nígbà tí kò mú owó wá. Òun lọjà á bá nílé nígbà tó bá yí padà.

Èrè kejì ni ìmọ̀, ti ọ̀pẹ ló sì fi í hàn jù. Láti 1939 ni iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tí à ń pè ní NIFOR ti wà nítòsí Bìní. Irú ọ̀pẹ tí gbogbo èèyàn ń wá báyìí ni Tenera, tí èkùrọ́ rẹ̀ ní èépá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ẹran ara rẹ̀ sì pọ̀ fún epo. Ọmọ ni fún Dura tí èépá rẹ̀ nípọn àti Pisifera tí kò ní èépá. Ẹni tó bá ṣa èkùrọ́ lábẹ́ Tenera, tó lọ gbìn ín, bí ìdajì péré ni yóò jọ ìyá wọn; bí ìdá kan nínú mẹ́rin á padà sí Dura, ìdá kan yòókù á di Pisifera tí kì í sábà so. Gbogbo wọn ló sì rí bákan náà nínú náílọ̀n. Kò sí ojú tó lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ títí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ so.

Ẹ wo irú ọjà tí ìyẹn jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Bìní. Ẹni tó ń tà lè mọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹni tó ń rà ò mọ̀. Bí ẹ̀rù bá ti ń ba oníbàárà, kò ní fẹ́ san owó tó dára fún ẹnikẹ́ni, olóòótọ́ tó ra èkùrọ́ híhù ní NIFOR á wá máa ta tirẹ̀ ní iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ṣa á lábẹ́ igi. Bó bá yá, olóòótọ́ á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bá lọ ra èkùrọ́ híhù níbi tó ti ń wá, tó tọ́ ọ fúnra rẹ̀, ti yọ ara rẹ̀ nínú ìfòyà yẹn.

Síbẹ̀, bí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá béèrè lọ́wọ́ mi, mi ò ní ní kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kòkó tàbí ọ̀pẹ. Ohun tó ń jẹ ni kó kọ́kọ́ gbìn. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré débi pé àfi kéèyàn pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kó tó fọ́n ọn, kó má baà da gbogbo rẹ̀ sójú kan. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi ń yọ, láàárín oṣù kan ó ti wọ ìkòkò. Ewédú lóríkunkun: wọ́n á di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kí wọ́n tó ka mẹ́wàá wọ́n ti yọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á ní wọ́n ń se irúgbìn jẹ, bẹ́ẹ̀ omi gbígbóná ló ń jí i. Ilá á sùn mọ́mi di ọjọ́ kejì. Ti ata, inú ata pípọ́n tó wà nílé ìdáná ni irúgbìn rẹ̀ wà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èyí pa irọ́ fún wa. Nínú ìṣirò Oṣù Kẹfà 2024, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún Nàìjíríà sọ pé láàárín ọdún kan péré, owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ làwọn aláṣẹ máa ń ní ká lọ gbin nǹkan sẹ́yìn ilé. A ti gbọ́ ọ rí. Lọ́dún 1976, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́, ètò Operation Feed the Nation ní kí oníkálukú dá oko. Ìjọba yẹn lọ lọ́dún 1979, Ààrẹ Shagari gbé ètò Green Revolution tirẹ̀ dé ní 1980, oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè ò sì yé wọlé. Ebè tẹ̀tẹ̀ kan ò lè sọ owó gààrì àti ìrẹsì di pọ́ọ́kú. Bí a bá tilẹ̀ ka owó iṣẹ́ ara wa mọ́ ọn, ẹ̀fọ́ tí a gbìn lè wọ́n ju èyí tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń tà lọ́jà Ọ̀rẹ̀ lọ. Ọ̀nà tó dára, iná tó dúró àti ààbò lóko ni iṣẹ́ ìjọba. Kí wọ́n má gbé e fún onígbá irúgbìn.

Ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò tàbí ti ìpínlẹ̀ lè ṣe kò tó nǹkan, kò sì wọ́n. Ó ti di àṣà pé bí òjò bá ti dé, wọ́n á kó ọmọ kòkó ọ̀fẹ́ jáde, wọ́n á ya fọ́tò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń kú, torí ẹni tó gbà á kò mọ ohun tó ná ẹnì kan kó tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi díẹ̀ nínú owó yẹn ra èso kòkó ní Oṣù Kọkànlá, kí wọ́n fún ọmọ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní èso kan, náílọ̀n 30 àti ẹni tí yóò fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án. Àwọn ọmọ tó bá gbé tiwọn dé oko ní Oṣù Kẹfà ni kí wọ́n máa kà sí àgbẹ̀ ọjọ́ iwájú, ìyókù á kúkú ti mọ ìdí tí ọmọ kòkó fi wọ́n.