Sípánà Jackie Stewart

Lẹ́tà tó wọlé lọ́sẹ̀ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tó pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì tún mú mi ronú. Bàbá kan ní Ìbàdàn ló kọ ọ́, wọ́n ní àwọn ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kí wọ́n tó bí mi. (Ó ṣeé ṣe, mi ò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún.) Wọ́n ka ohun tí mo kọ níjọ́sí nípa ọkọ̀ Jaguar kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1955, tí wọ́n wá lu ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2016, tí owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 21 dọ́là. Bàbá ní kí n jọ̀ọ́, kí n yé parọ́ fún aráyé. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tòkunbọ̀ wo ló ń jẹ́ mílíọ̀nù mọ́kànlélógún? Ṣé wúrà ni wọ́n fi rọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni?"

Bàbá, ẹ má bínú, mi ò parọ́. Irin lásán ni wọ́n fi rọ ọ́. Ọkọ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ Ecurie Ecosse fi gba ipò kìíní ní Le Mans, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1956, níbi tí wọ́n ti ń sáré fún wákàtí mẹ́rìnlélógún gbáko, tọ̀sán-tòru. Orúkọ Faransé ni wọ́n ń jẹ́ o, ṣùgbọ́n ará Skọ́tíláǹdì ni wọ́n. David Murray ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1951, gáréèjì kékeré kan ní Merchiston Mews ní ìlú Edinburgh ni wọ́n sì ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ilé iṣẹ́ Jaguar fúnra rẹ̀ kó ọkọ̀ wá sí Le Mans lọ́dún yẹn, àwọn ará gáréèjì kékeré yìí ló sì lu gbogbo wọn. Ron Flockhart àti Ninian Sanderson ni wọ́n wà á, ọmọ Skọ́tíláǹdì làwọn méjèèjì. Nígbà tó di 1957, ẹgbẹ́ yìí kan náà ló tún gba ipò kìíní, wọ́n sì fi ipò kejì lé e. Ohun tí olówó ń rà nìyẹn, Bàbá. Ìtàn ni.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí èmi mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ẹrù ọkọ̀ ìje àtijọ́ ti Skọ́tíláǹdì, mi ò ní mú Jaguar. Sípánà kan ni màá mú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ibì kan wà nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Spa. Wọ́n ti tún ibẹ̀ ṣe báyìí, ṣùgbọ́n nígbà náà, títì tí ará oko ń gbà lọ sọ́jà ni, ó gùn tó kìlómítà 14. Ilé ní ẹ̀gbẹ́ kan, igi àti òpó tẹlifóònù ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sí irin ìdènà kankan. Òjò lè máa rọ̀ lápá ibí kí oòrùn máa ràn lápá ọ̀hún. Ibẹ̀ ni Archie Scott Brown ti fara jóná ní May 1958, tó sì kú lọ́jọ́ kejì. Ọmọ ìlú Paisley ni, kò ní ọwọ́ ọ̀tún láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ọwọ́ kan yẹn ló sì fi ń na àwọn ọlọ́wọ́ méjì.

Ọmọ àgbẹ̀ kan, ẹni ọdún 22, wà nínú ìdíje ọjọ́ náà. Jim Clark lorúkọ rẹ̀. Kilmany ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n oko àgùntàn bàbá rẹ̀ lẹ́bàá Chirnside, nítòsí ààlà Skọ́tíláǹdì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dàgbà sí. Obìnrin mẹ́rin ló ṣáájú rẹ̀, òun nìkan lọ́kùnrin. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí lójú òbí: wọn ò fẹ́ kó sún mọ́ ọkọ̀ ìje rárá. Kò gbọ́. Lọ́dún 1960 ó tún padà sí Spa, awakọ̀ méjì ló kú nínú ìdíje kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn, Alan Stacey, ẹgbẹ́ Lotus kan náà ni òun àti Clark. Ẹyẹ ló fò lu ojú rẹ̀ lórí eré. Láti ìgbà náà ni Clark ti kórìíra Spa. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ o: ibi tó kórìíra yìí náà ló ti gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mẹrin léra, láti 1962 dé 1965! Adé àgbáyé méjì ló gbà, 1963 àti 1965, ó sì tún lọ gba Indianapolis 500 mọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́wọ́ lọ́dún 1965.

Ọmọ Skọ́tíláǹdì kejì ló ni sípánà wa. Jackie Stewart, ọmọ onígáréèjì lẹ́bàá Dumbarton. Ọmọ yìí kò mọ ìwé. Àwọn tíṣà pè é ní olórí kunkun, àwọn ọmọ kíláàsì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 15, ó lọ ń bu epo bẹntiróòlù fún oníbàárà ní gáréèjì bàbá rẹ̀. Ó di ẹni ọdún 41 kí dókítà tó sọ fún un pé àìsàn kan wà tí kì í jẹ́ kí ojú to lẹ́tà pọ̀, pé kì í ṣe òmùgọ̀ rárá. Nígbà yẹn ó ti gba adé àgbáyé mẹ́ta! Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn kíláàsì títí mo fi jáde ilé-ìwé girama, mo ka ibi yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Jimmy, ti wakọ̀ fún Ecurie Ecosse, ó ti forí gbá a, ìyá wọn kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìje mọ́. Nígbà tí Jackie náà máa bẹ̀rẹ̀, orúkọ tó kọ sílẹ̀ ni A. N. Other. Bí ìgbà tí ènìyàn bá kọ "Lágbájá" ni, kí ìyá má bàa rí i nínú ìwé ìròyìn.

Ó wá di June 1966, ní Spa. Ìdíje ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, òjò dé lójijì. BRM tí Stewart ń wà wà lórí eré bíi kìlómítà 265 láàárín wákàtí kan, ló bá yọ̀. Ó kọlu òpó, ó kọlu ilé, ó wọ ìsàlẹ̀ lọ. Sítíárìn há a lẹ́sẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀, táńkì bẹ́, bẹntiróòlù ń dà lé e lára. Iná táńganran kan péré, ó parí. Ta ló wá yọ ọ́? Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìdíje. Graham Hill àti Bob Bondurant, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọkọ̀ tiwọn náà yà kúrò lójú títì, ni wọ́n sáré dé. Wọ́n wá sípánà tí wọn máa fi tú sítíárìn, kò sí. Ìdíje àgbáyé o, kò sí sípánà! Ọwọ́ òǹwòran kan ni wọ́n ti yá a. Bí ìṣẹ́jú 25 ni ọkùnrin náà fi wà nínú epo. Hill bọ́ aṣọ lára rẹ̀ nítorí epo ń bó o lára, ni àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà bá yọ sí ìhòòhò ọmọkùnrin, wọ́n ní ká má rí i, wọ́n tún wọ aṣọ elépo náà padà fún un. Stewart fúnra rẹ̀ ló ń sọ èyí tó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ańbúláǹsì tó gbé e tún ṣìnà lójú ọ̀nà ọsibítù.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó mú sípánà kan, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí sítíárìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní òun kò ní yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ibẹ̀ ni ìjà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi irin ìdènà sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí dókítà wà níbi ìdíje, kí awakọ̀ de bẹ́líìtì, kí wọ́n gé igi. Àwọn tó ni pápá ìje bínú, àwọn akọ̀ròyìn ẹgbẹ́ wa náà bú u, wọ́n ní ojo ni, wọ́n ní ó fẹ́ ba eré jẹ́. À ń gba òròmọdìyẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀. Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Mo wà nínú dánfó lọ́jọ́ kan, mo ní, "Dẹ́rẹ́bà, ẹ rọra o." Kí n tó pa ẹnu dé, èrò ọkọ̀ ti kọlù mí. Ìyá kan ní bí ẹ̀rù bá ń bà mí, kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n fẹsẹ̀ rìn. Àwọn tí ẹ̀mí tiwọn náà wà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà ni wọ́n ń gbèjà rẹ̀!

Lọ́jọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1968, ní Hockenheim nílẹ̀ Jámánì, Jim Clark wà nínú ìdíje kékeré kan tí kò kan adé àgbáyé rárá. Ọkọ̀ rẹ̀ yà kúrò lójú títì, ó wọ igbó, ó kọlu igi. Wọ́n gbà pé táyà ẹ̀yìn ló jò. Kò sí irin ìdènà láàárín títì àti igi. Ẹni ọdún 32 ni. Ó ti gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ìdíje àgbáyé 72. Gbogbo awakọ̀ ló gbà pé òun ló mọ̀ ọ́n wà jù, ẹnu wá wọhò. Bí ẹ bá dé ibojì rẹ̀ ní Chirnside, "àgbẹ̀" ni wọ́n kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, kí wọ́n tó kan adé méjèèjì.

Ní August ọdún yẹn, wọ́n sáré ní Nürburgring, nínú òjò àti kùrukùru tí ẹnikẹ́ni ò fi rí iwájú. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ojo yẹn, tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́, tí wọ́n dè é, fi ohun tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin ju ẹni tó ṣe ipò kejì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló tún fẹ́ pe ẹni ní ojo? Lọ́dún 1969, àwọn awakọ̀ kọ̀, wọn ò lọ sí Spa. Lọ́dún 1970, wọ́n kọ Nürburgring náà. Stewart sọ lẹ́yìn náà pé bó bá jẹ́ ohun tí etí ayé fẹ́ gbọ́ lòun ń sọ, ayé ì bá fẹ́ràn òun jù báyìí lọ, àfi pé òun lè ti kú.

Òun àti Helen ìyàwó rẹ̀ jókòó lọ́jọ́ kan, wọ́n ka àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí eré yìí ti pa. Ó jẹ́ 57. François Cevert wà nínú wọn, ọmọ Faransé tó fi ṣe àbúrò, tó kú ní Watkins Glen ní October 1973, lọ́jọ́ tó ṣáájú ìdíje. Ìdíje yẹn ni ì bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún fún Stewart, ó sì ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun máa fẹ̀yìn tì lẹ́yìn rẹ̀. Kò wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló fi dúró.

Bàbá mi ní Ìbàdàn, ẹ bi mí pé kí ni wọ́n ń rí lára ọkọ̀ àtijọ́. Ní April 2025, ní Bahrain, wọ́n gbé Tyrrell tí Stewart fi gba adé ọdún 1973 jáde. Owó ni wọ́n ń wá fún ìwádìí àìsàn ìgbàgbé, èyí tó ń ṣe Helen láti bí ọdún 2014. Akoto kan wà níbẹ̀ tí gbogbo àwọn tó ti gba adé àgbáyé tó ṣì wà láàyè fọwọ́ sí, ogún ènìyàn. Stewart wọlé sínú ọkọ̀ náà, ẹni ọdún 85. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó wà á yí pápá, ó gbé e padà wá, ó sì sọ̀ kalẹ̀.