Ritalin: Ìwọ̀n Kékeré Kì í Ṣe Ẹ̀tàn

Sí Olóòtú,

Ẹni tó kọ̀wé nínú ẹ̀dà yín tó kọjá pé mílígíráàmù 5 Ritalin, oògùn fún àwọn ọmọ tí kò lè pọkàn pọ̀ (ADHD), kò ju ẹ̀tàn lọ, ìbínú rẹ̀ yé mi, àmọ́ ó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Níbí ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni ọmọ ọdún 6 sókè ti ń bẹ̀rẹ̀: 5 kó tó jẹun àárọ̀, 5 kó tó jẹun ọ̀sán. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi 5 sí 10 kún un, kò sì gbọdọ̀ kọjá 60 lójúmọ́. Ọmọ tó sanra lè má nílò púpọ̀ o! Oúnjẹ tí ọmọ kọ̀, oorun tó dá lójú rẹ̀, ọkàn tó ń sáré lù, ìwọ̀nyí ni dókítà ń ṣọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sọ ìwọ̀n oògùn náà di ìlọ́po méjì fúnra yín. Ẹ pe dókítà.

Ìyá ọlọ́mọ,
Houston.